Ẹ̀fọn tí oògùn ò ràn mọ́: ṣé bakitéríà tí wọ́n tún ṣe lè kápá rẹ̀?

Ìyá_Aláwọ̀n (Ọjọ́ Ajé, 6:48 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọ̀n ẹ̀fọn àti oògùn apẹ̀fọn ni mò ń tà ní Bódìjà. Ẹjọ́ kan náà làwọn oníbàárà ń rò fún mi láti bí ọdún mélòó kan: "Ìyá, ẹ̀fọn ń bà lé àwọ̀n tí mo rà lọ́wọ́ yín, kò kú o." Ọ̀gbẹ́ni kan tiẹ̀ gbé tirẹ̀ padà wá, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi, ó ń fi ìka tọ́ka sí àpá ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ ọn lára. Ó ní àtẹ́lẹwọ́ lòun fi pa gbogbo wọn, oògùn kọ́. Mo dá owó rẹ̀ padà kí àlàáfíà lè wà.

Ọmọ àbúrò mi tó wà ní yunifásítì wá ní kí n fọkàn balẹ̀, pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń tún bakitéríà kan ṣe láti fi kápá irú ẹ̀fọn bẹ́ẹ̀, àti pé inú ẹ̀fọn gan-an ni bakitéríà ọ̀hún ń gbé. Ó sọ̀rọ̀ náà tán, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́: ṣé ẹ̀fọn ni bakitéríà yìí ń pa ni, àbí kí ló ń ṣe? Ìgbà wo ni yóò dé ọjà?

Ọmọ_Mushin (7:05 àárọ̀)

Ìyá, ẹ̀fọn àdúgbò wa ń mu oògùn yẹn bí ẹni ń mu kókó ni. Ẹ bá wa sọ fún bakitéríà yẹn kó tètè máa bọ̀.

Nàgó_Pọ́bẹ̀ (8:20 àárọ̀)

Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ilé tí wọ́n ti ń sin ẹ̀fọn fún ìwádìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ìhà gúúsù Benin níbí. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ò parọ́, àwọ̀n yín náà sì lè má jẹ́ ayédèrú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹbí oògùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi sára àwọ̀n, ìyẹn pyrethroid. Òun náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ agolo tí à ń fọ́n sínú ilé, òun náà làwọn àgbẹ̀ fi ń fín òwú àti ẹ̀fọ́. Ẹ̀fọn tí oògùn náà ràn kú dànù. Ìwọ̀nba tí kò ràn ló kù tí ń yé ẹyin, ọmọ wọn ló wá kún ìlú.

Ọ̀nà méjì ló ń gbà yè é. Àwọn kan, ibi tí oògùn ti ń bá iṣan ara wọn jà ti yí padà, oògùn ò rí ibẹ̀ dì mú mọ́. Àwọn mìíràn, ara wọn ń fọ́ oògùn sí wẹ́wẹ́ kó tó débi tó ń lọ. Òmíràn tiẹ̀ ní méjèèjì pa pọ̀.

Lọ́dún 2007, àwọn olùwádìí gbé èsì iṣẹ́ kan jáde nílẹ̀ wa níbí. Wọ́n lo ahéré ní ibi méjì: Malanville létí odò Ọya ní àríwá, àti Ladji ní Kútọnu. Wọ́n dá ihò sára àwọ̀n olóògùn, kó lè rí bí èyí tó ti gbó lọ́wọ́ èèyàn. Ní Malanville, àwọ̀n náà ṣì ń pa ẹ̀fọn dáadáa. Ní Ladji, àwọ̀n olóògùn tó ti ya ò sàn ju àwọ̀n lásán lọ.

Ìyá, ohun tó kàn yín jù nìyí ná: kì í ṣe àwọ̀n kan náà ló wà lọ́jà mọ́. Àwọn kan ní pyrethroid pẹ̀lú PBO, tí kì í jẹ́ kí ara ẹ̀fọn rí oògùn fọ́. Àwọn kan ní pyrethroid pẹ̀lú chlorfenapyr, oògùn tó ń ba agbára inú ara ẹ̀fọn jẹ́, tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú iṣan rárá. Wọ́n dán èyí kejì wò ní Cové, Zagnanado àti Ouinhi. Láàárín ọdún méjì, ibà tó ń mú àwọn ọmọdé ibẹ̀ fi ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tó ń sùn sábẹ́ àwọ̀n pyrethroid nìkan. Ẹ máa ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá kẹ́ ẹ tó rà á lọ́wọ́ ọlọ́jà ńlá.

Ọ̀rọ̀ bakitéríà ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n bọ́ àwọn ẹ̀fọn mi ná.

Kẹ́mi_Ifẹ̀ (9:02 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé, ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí ni mò ń ṣe.

Màmá, ẹ̀fọn kọ́ ni bakitéríà yìí ń bá jà. Kòkòrò ibà tó wà nínú ẹ̀fọn ló ń bá jà. Tí abo ẹ̀fọn bá mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ibà ń ṣe, kòkòrò ibà á bá ẹ̀jẹ̀ wọ inú ìfun rẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, kòkòrò náà gbọ́dọ̀ la ògiri ìfun kọjá, kó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kó máa pọ̀ níbẹ̀, kó tó wá lọ síbi tí itọ́ ẹ̀fọn wà. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ̀fọn yẹn tó lè kó ibà ran ẹlòmíì. Nínú gbogbo ìrìn yìí, ibi ògiri ìfun ni kòkòrò ibà ti ń kéré jù níye. Nínú ẹ̀fọn tí wọ́n mú nínú ilé èèyàn, kì í sábà ju márùn-ún lọ tó ń rí ibẹ̀ là já. Ibẹ̀ náà ni bakitéríà sì pọ̀ sí jù, torí bí ẹ̀fọn bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, bakitéríà inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí wọ́n rí lò nìyẹn. Lọ́dún 2012, Sibao Wang, Marcelo Jacobs-Lorena àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà mú bakitéríà kan tó ti ń gbé inú ẹ̀fọn tẹ́lẹ̀, Pantoea agglomerans, wọ́n fi jíìnì (ìtọ́ni inú ara tó ń sọ ohun tí ẹlẹ́mìí máa ṣe) kún un kó lè máa tu èròjà tó ń pa kòkòrò ibà sínú ìfun ẹ̀fọn. Ọ̀kan nínú èròjà náà ni scorpine. Inú oró àkekèé ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, àkekèé ńlá dúdú inú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa yìí gan-an. Wọ́n rẹ òwú sínú omi ṣúgà tí bakitéríà wà nínú rẹ̀, ẹ̀fọn ń fà á mu. Èyí tó ṣiṣẹ́ jù nínú wọn dín kòkòrò ibà kù dé ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀fọn ò kú, ó kàn ń mu ẹ̀jẹ̀ láìrí ibà gbé kiri ni.

Ìyá_Aláwọ̀n (9:31 àárọ̀)

Kẹ́mi ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀fọn ò bá kú, yóò ṣì máa jẹ wá nìyẹn? Ta ni màá tà á fún? Oníbàárà tó bá rí ẹ̀fọn lára rẹ̀ lálẹ́ kò ní gbọ́ àlàyé kankan.

Kẹ́mi_Ifẹ̀ (9:50 àárọ̀)

Yóò máa jẹ wá o, màmá. Àmọ́ torí pé kò pa ẹ̀fọn gan-an ló ṣe wúlò fún ohun tẹ́ ẹ béèrè. Oògùn tó bá ń pa ẹ̀fọn ló ń ṣa àwọn olórí kunkun sílẹ̀. Bakitéríà tí kò bá ni ẹ̀fọn lára, ẹ̀fọn ò ní ìdí láti bá a jà. Ẹ̀fọn Ladji àti ẹ̀fọn Malanville, bí pyrethroid ṣe ràn wọ́n yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìfun kan náà ni wọ́n ní. Kòkòrò ibà ló lè wá ọgbọ́n dá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pa èròjà bíi mélòó kan pọ̀ sára bakitéríà kan, kó má baà rí ọ̀nà gbà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìṣòro Pantoea ni pé ẹ ò lè máa gbé òwú olómi ṣúgà kiri gbogbo abúlé títí ayé. Lọ́dún 2017, ikọ̀ yìí kan náà mú òmíràn jáde, Serratia AS1. Akọ ẹ̀fọn ń kó o ran abo nígbà tí wọ́n bá ń gùn, abo ń yé ẹyin tó ti lẹ̀ mọ́ lára, tanwíji ń jẹ ẹ́ nínú omi, kò sì kúrò lára rẹ̀ títí tó fi ń di ẹ̀fọn. Ìwọ̀nba ẹ̀fọn díẹ̀ tó ní in ni wọ́n kó sínú àgò àwọn tí kò ní, kò pẹ́ tó fi ran gbogbo wọn, ó sì ń bọ́ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ.

Bàbá_Àdùkẹ́ (11:14 àárọ̀)

Ẹ dúró ná. Mo ti ń kà á bọ̀ láti òkè, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn bà mí nínú jẹ́. "Ó sì ń bọ́ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ." Ohun tó bá ń tàn fúnra rẹ̀, ta ni yóò pè é padà? Àwọ̀n tí kò bá ṣiṣẹ́, Ìyá Aláwọ̀n dá owó padà. Bakitéríà tó bá ṣe ohun tí a ò rò, ọ̀dọ̀ ta ni a ó ti lọ gba owó? Ẹ̀yin náà sì gbọ́ ohun tí ìjọba Burkina Faso ṣe ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. Wọ́n ní kí àwọn Target Malaria, àwọn tó ń tún ẹ̀fọn ṣe nínú labù, kógbá wọlé.

Ọmọ_Mushin (11:20 àárọ̀)

Bàbá ti dé 😂

Nàgó_Pọ́bẹ̀ (12:40 ọ̀sán)

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìbéèrè yín ló yẹ kí gbogbo wa dúró lé lórí. Mo kàn fẹ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ kó má baà dàpọ̀. Jíìnì ẹ̀fọn fúnra rẹ̀ ni Target Malaria ń tún ṣe. Akọ ẹ̀fọn tí kò lè bímọ ni wọ́n tú sílẹ̀ ní abúlé Bana lọ́dún 2019. Ti bakitéríà yìí, ẹ̀fọn ò yí padà, ohun tó wà nínú ìfun rẹ̀ ló yí padà.

Burkina Faso náà sì ti ṣe iṣẹ́ tó jọ èyí nínú ilé àwọ̀n ńlá kan ní Soumousso. Olú ni ti ibẹ̀, kì í ṣe bakitéríà: Metarhizium, olú kíkéré tó ń pa kòkòrò. Wọ́n fi jíìnì oró aláǹtakùn Ọsirélíà kan sí i. Ẹ̀fọn tí oògùn ò ràn ni wọ́n dán an wò lára. Èsì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2019 ní láàárín ọjọ́ 45, ẹ̀fọn inú ilé àwọ̀n náà dín ní ohun tó ju ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ilé tí wọ́n tì pa ni o, kì í ṣe ìta. Èyí ń pa ẹ̀fọn ní tiẹ̀, ìyá. Oníbàárà yín ì bá fẹ́ràn rẹ̀.

Kẹ́mi_Ifẹ̀ (1:15 ọ̀sán)

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Lórí pípè é padà: oríṣi ibi méjì ni wọ́n lè fi jíìnì àjèjì sí lára bakitéríà. Wọ́n lè rì í mọ́ inú kúrómósóómù rẹ̀, ìyẹn okùn ńlá tí jíìnì rẹ̀ wà lórí rẹ̀, yóò dúró síbẹ̀. Wọ́n sì lè fi í sórí òrùka jíìnì kékeré kan tó dá wà lọ́tọ̀, tó ń jẹ́ plasmid. Bakitéríà máa ń ju plasmid nù díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń bímọ, pàápàá tó bá jẹ́ ẹrù fún un. Tẹ́lẹ̀, àbùkù ni wọ́n kà á sí. Lọ́dún 2020, ikọ̀ Jacobs-Lorena yìí kan náà gbé iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ti sọ àbùkù yẹn di ìjánu: jíìnì tí ń pa kòkòrò ibà wà lórí plasmid, ó ń ṣiṣẹ́ fún ìran bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà ó ń pòórá, Serratia á sì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n gbèrò ni pé irú èyí ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi dán ìta wò, kó tó kan èyí tó ń dúró.

Bàbá_Àdùkẹ́ (1:33 ọ̀sán)

Mi ò bínú sí ọ, ọmọ mi. Èyí tó ń pòórá, a lè jókòó sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ṣùgbọ́n o ní plasmid ló pòórá. Serratia fúnra rẹ̀ ńkọ́?

Kẹ́mi_Ifẹ̀ (1:41 ọ̀sán)

Serratia ò lọ, bàbá. Òun wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Leeds (2:08 ọ̀sán)

Ibi tí èmi fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé gan-an nìyẹn. Ẹ̀ka àwọn ọmọ tuntun ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Orúkọ Serratia kì í ṣe orúkọ tí à ń gbọ́ ká rẹ́rìn-ín. Serratia marcescens máa ń wọ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé, tó bá sì wọ wọ́ọ̀dù, a máa fọ gbogbo síńkì, a máa ya ìkókó sọ́tọ̀. Pantoea náà, wọ́n ti rí i nínú egbò ẹni tí ẹ̀gún gún. Mi ò sọ pé AS1 ni marcescens o, ẹbí lásán ni. Ṣùgbọ́n nínú labù, jíìnì tó ń jẹ́ kí bakitéríà yè é lọ́wọ́ oògùn apabakitéríà ni wọ́n sábà máa ń fi ṣàmì sára èyí tí wọ́n tún ṣe, kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Jíìnì bẹ́ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ jáde síta. Bakitéríà ń yá ara wọn ní plasmid. Ẹ má fi ẹ̀fọn tí oògùn ò ràn ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú àìsàn tí oògùn ò ràn.

Nàgó_Pọ́bẹ̀ (2:30 ọ̀sán)

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé gan-an. Ohun tí ẹ sọ yẹn, òfin ni láàárín àwọn tó ń ṣe é: jíìnì àmì yẹn gbọ́dọ̀ kúrò kí wọ́n tó ronú ìta. Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí àwọn kan fẹ́ràn bakitéríà tí ẹnikẹ́ni ò tún ṣe. Ní Tres Cantos ní Sípéènì, ẹ̀fọn tí wọ́n ń sìn nínú labù ilé iṣẹ́ oògùn GSK ṣàdédé ń kọ kòkòrò ibà. Wọ́n wádìí títí, wọ́n rí i pé bakitéríà kan ló wọ inú wọn fúnra rẹ̀, Delftia tsuruhatensis TC1, tó ń tu èròjà harmane jáde. Wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2023, wọ́n sì ti dán an wò nínú ilé àwọ̀n ní Burkina Faso. Kì í bọ́ láti ara ẹ̀fọn kan sí òmíràn bíi ti AS1, ìyẹn ni pé wọ́n á máa fi bọ́ wọn léraléra. Bàbá Àdùkẹ́ á fẹ́ràn èyí, ẹni tó ń sanwó ò ní fẹ́ràn rẹ̀.

Bùnmi_SãoPaulo (4:02 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀yin ará ilé, nǹkan tí ẹ ń bá ara yín jiyàn lé lórí, wọ́n ti ń ṣe é ní Brazil níbí. Wolbito ni wọ́n ń pè é, ilé iṣẹ́ ńlá kan wà ní Curitiba tó ń bí ẹ̀fọn tó ní bakitéríà nínú. Ọkọ̀ ló ń gbé wọn kiri àdúgbò, wọ́n ń ṣí ike, ẹ̀fọn ń fò jáde. Lọ́dún 2024, àwọn tí wọ́n rò pé dengue, àìsàn míì tí ẹ̀fọn ń kó ranni, mú níbí ju mílíọ̀nù 6 lọ, ẹ lè rí ìdí tí kò fi sẹ́ni tó ń jiyàn.

Nàgó_Pọ́bẹ̀ (4:25 ìrọ̀lẹ́)

Bùnmi, ẹ kú àjò o. Wolbachia nìyẹn. Bakitéríà gidi ni, ó wà nínú bí ìdajì oríṣi kòkòrò tó wà láyé, ṣùgbọ́n wọn ò fi jíìnì kankan kún un. Lára eṣinṣin èso ni wọ́n ti mú un, wọ́n gún un sínú ẹyin ẹ̀fọn Aedes aegypti, ìyá ló sì ń fún ọmọ. Ní Yogyakarta ní Indonéṣíà, dengue fi ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún kéré níbi tí wọ́n ti tú wọn sílẹ̀ sí ibi tí wọn ò tú wọn sí. Èsì yẹn jáde lọ́dún 2021, mi ò tíì rí èyí tó dára tó o nínú gbogbo ọ̀rọ̀ bakitéríà àti ẹ̀fọn. Àmọ́ Aedes ló ń gbé dengue. Anopheles ló ń gbé ibà tiwa, kò sì tíì sí ẹni tó rí Wolbachia fi sínú Anopheles gambiae kó dúró síbẹ̀ láti ìran dé ìran.

Àgbẹ̀_Ṣakí (6:50 ìrọ̀lẹ́)

Mo ń bọ̀ láti oko ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù jíìnì bakitéríà, ẹ̀wà tí wọ́n fọwọ́ sí ní Nàìjíríà lọ́dún 2019, SAMPEA 20-T, jíìnì bakitéríà ló wà nínú rẹ̀. Bacillus thuringiensis. Òun ni kì í jẹ́ kí Maruca, kòkòrò tó ń lu èèpo ẹ̀wà, rí i jẹ. Àjọ NBMA, tó ń rí sí ààbò ohun tí wọ́n tún jíìnì rẹ̀ ṣe ní Nàìjíríà, ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ lọ bi wọ́n bí bakitéríà ẹ̀fọn yín bá dé.

Bàbá_Àdùkẹ́ (7:10 alẹ́)

Ẹ̀wà ò fò, àgbẹ̀. Bí mi ò bá fẹ́ ẹ, n kò ní rà á.

Nàgó_Pọ́bẹ̀ (7:45 alẹ́)

Ẹ ti bá mi dé ibi tí mo fẹ́ lọ. Ẹbí Bacillus tí àgbẹ̀ dárúkọ yìí ní ọmọ ìyá kan tó ti ń pa tanwíji láti ọjọ́ pípẹ́: Bti. Inú adágún omi kan ní aṣálẹ̀ Negev ní Ísírẹ́lì ni wọ́n ti rí i lọ́dún 1976. Ó máa ń ṣe májèlé tó rí bíi kírísítálì kékeré. Tanwíji á gbé e mì, omi inú ìfun rẹ̀ á yọ́ ọ, májèlé á dá ihò sára ìfun, ó parí. Inú èèyàn, omi kíkan ló wà níbẹ̀, kì í yọ́ ọ lọ́nà yẹn, a ò sì ní ohun tí májèlé náà ń dì mú. Májèlé bíi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló pa pọ̀ sínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro fún ẹ̀fọn láti mọ̀ ọ́n lára. Bakitéríà míì tó jọ ọ́, Lysinibacillus sphaericus, oríṣi kan ló gbójú lé, ẹ̀fọn Culex sì ti yè é ní Brazil, Íńdíà àti Fáráńsé.

Kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí wọ́n ń gbógun ti àrùn ìfọ́jú etí odò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti 1974, tí Benin àti Togo wà nínú rẹ̀, kòkòrò odò tó ń kó àrùn náà ranni ṣàdédé yè é lọ́wọ́ oògùn temephos. Bti ni wọ́n fà wọlé sínú odò.

Àléébù rẹ̀: oòrùn ń bà á jẹ́, ó ń rì sísàlẹ̀ omi, bẹ́ẹ̀ orí omi ni tanwíji Anopheles ti ń jẹun. Ibẹ̀ ni àtúnṣe jíìnì ti bá a pàdé. Àwọn ará Ísírẹ́lì kó jíìnì májèlé Bti sínú Anabaena, ẹlẹ́mìí aláwọ̀ ewé tó ń lé sórí omi. Ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Riverside, ikọ̀ Brian Federici kó májèlé Bti àti ti sphaericus pọ̀ sínú bakitéríà kan ṣoṣo, agbára rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn tó wà lọ́jà lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Ìyá_Aláwọ̀n (8:15 alẹ́)

Ẹ dákun, èyí tí wọn ò tún ṣe yẹn, Bti, ṣé wọ́n ń tà á? Ṣé mo lè dà á sí gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù mi?

Nàgó_Pọ́bẹ̀ (8:32 alẹ́)

Wọ́n ń tà á, ìyá, ó wà ní èlùbọ́, ó wà ní hóró, ó wà ní olómi. Tẹ̀lé ohun tí wọ́n kọ sára páálí ni, torí ìwọ̀n omi ló ń sọ ìwọ̀n tí ẹ máa dà. Gọ́tà dúdú yín, Culex ló pọ̀ níbẹ̀ jù, ìyẹn tó ń kùn létí. Ìdọ̀tí omi yẹn náà máa ń dín agbára Bti kù, ẹ ó tún un dà láìpẹ́. Anopheles tó ń gbé ibà fẹ́ràn omi tó mọ́ díẹ̀ tí oòrùn ń pa: ipa táyà, ihò tí àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù gbẹ́, kòtò tí àwọn àgbẹ̀ ẹ̀fọ́ ń pọn omi nínú rẹ̀. Níbi tí irú omi bẹ́ẹ̀ bá kéré níye, tí ẹ lè kà á, tí kì í ṣípò, Bti á sanwó rẹ̀. Nínú òjò oṣù kẹfà, tí gbogbo ẹsẹ̀ màlúù ti di adágún, ẹ máa lo owó yín lásán.

Bàbá_Àdùkẹ́ (8:50 alẹ́)

Èyí tí mo lè rà, tí mo lè dà, tí mo sì lè ṣíwọ́ dídà rẹ̀, ẹ kọ orúkọ mi sí i. Èyí tó ń gun ara wọn ràn, kí wọ́n wá bi ìlú léèrè kí wọ́n tó ṣí ike.

Kẹ́mi_Ifẹ̀ (9:04 alẹ́)

Bàbá, ìlú wo? Ẹ̀fọn ò mọ ààlà. Tí ìlú yín bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, tí ìlú kejì ní bẹ́ẹ̀ ni, ti ta ni á ṣẹ? Nínú èèyàn 597,000 tí ibà pa lágbàáyé lọ́dún 2023, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Àwọn náà ò dìbò.

Bàbá_Àdùkẹ́ (9:12 alẹ́)

Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n dáhùn kí wọ́n tó dé nìyẹn, Kẹ́mi. Kì í ṣe èmi ló yẹ kí n dáhùn rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Leeds (9:20 alẹ́)

Mo wà lẹ́yìn bàbá lórí èyí. Títí di ìsinsìnyí, inú labù àti ilé àwọ̀n ni Pantoea àti AS1 tí wọ́n tún ṣe wà. Àyè ṣì wà láti béèrè.

Ìyá_Aláwọ̀n (9:41 alẹ́)

Ẹ ṣeun gbogbo yín, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí ibà. Àwọ̀n alápapọ̀ oògùn méjì ni màá lọ bi ọlọ́jà ńlá mi lọ́la, tí kò bá ní in, màá bi ẹlòmíì. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta Bti oníhóró ní Ìbàdàn, kó kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀. Kó sọ iye tí wọ́n ń ta páálí kan o.